Èènì tí N Kò Fi Síbẹ̀

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. N kò mu nǹkan kan, oorun ò sì gbé mi lọ. Èmi kì í sì í ṣe ẹni tó máa ń ríran. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, iwájú ni àwọn aríran máa ń jókòó sí. Ẹ̀yìn lèmi máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù. Tẹ́ ẹ bá rò pé irọ́ ni mo ń pa, ẹ bi Zubair tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Mowe. Ẹ bi Ládi ọkọ mi, tó máa ń fi gbogbo nǹkan ayé ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni mo ń tà. Kì í ṣe èyí tí òkúta inú rẹ̀ ń bá eyín jà o! A máa ń fẹ́ ẹ, a máa ń ṣà á, a máa ń wọ̀n ọ́n sínú náílọ́nù tó nípọn, mo sì ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi iná lẹ ẹnu náílọ́nù náà pa. Kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ òwò yìí, ọ́fíìsì kan ní Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń gbé Mowe tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó mọ ohun tí mo ń sọ. Tí mo bá ń jáde, Jésùlayọ̀mi ọmọ mi, Láyọ̀ tá a máa ń pè é, ṣì ń sùn. Tí mo bá wọlé, ó ti sùn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo na ọwọ́ sí i pé kó wá, ló bá sá lọ bá Ìyá Ummulkhair, aládùúgbò wa tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀. Ó di ìró ẹni ẹlẹ́ni mú, ó ń wò mí bíi pé àlejò ni mí. Háà! Ó dùn mí wọ inú egungun. Mo wọ bálùwẹ̀ lọ, mo sunkún níbẹ̀ dáadáa, nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àmọ́ ìrẹsì ò tà. Àwọn àpò kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù títí a ò fi rí ibi yà sí. Ibẹ̀ la wà tí ọ̀gá mi àtijọ́, Màdáámú Olúfúnṣọ́, fi ránṣẹ́ sí mi pé àyè mi ṣì ṣófo, kí n fèsì kí oṣù tó parí. Ọkọ mi ní kí n rò ó dáadáa.

"Àwa mẹ́ta ò lè dá gbogbo ìrẹsì yìí jẹ tán," ló wí.

N kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé tí ìrẹsì yẹn ò bá tà kí oṣù tó parí, inú bọ́ọ̀sì ni mò ń padà sí, Láyọ̀ náà á sì padà sídìí ìró Ìyá Ummulkhair.

Zubair ló gbà mí nímọ̀ràn. Ó wá ra ìrẹsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo fọwọ́ lẹ́rán.

"Àǹtí, kí lẹ fi ń polówó?"

"Wọ́sáàpù."

"Wọ́n ti pa ohùn yín lórí Wọ́sáàpù."

Kò parọ́. Àwọn ará ẹ̀sítéètì kan ní Arepo tiẹ̀ ti yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ wọn pátápátá, wọ́n ní ariwo ìrẹsì mi ti pọ̀ jù.

"Ímeèlì ni kẹ́ ẹ lò," ni Zubair wí. "Inú bọ́ọ̀sì làwọn ará Arepo ti ń ka ímeèlì láàárọ̀. Kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ta ló ń ka ímeèlì ìpolówó?"

"Èyí tó bá jọ pé èèyàn ló kọ ọ́, wọ́n ń kà á."

Ó jókòó, ó kọ́ mi. Ó ní àwọn tó bá fọwọ́ ara wọn fún mi ní àdírẹ́sì ni kí n máa kọ̀wé sí, kí n má lọ ṣà á kiri níbòmíì. Kí n pe kálukú ní orúkọ rẹ̀. Kí àkọlé má pariwo. Kó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré ni mo máa sọ nínú lẹ́tà kan, kí n sì fi ibi tí wọ́n máa tẹ̀ láti rajà hàn wọ́n kedere. Nísàlẹ̀ pátápátá, kí n fi ibi tẹ́ni tí kò bá fẹ́ mọ́ máa tẹ̀ sí i. "Ẹni tó bá fẹ́ lọ, Àǹtí, ẹ jẹ́ kó lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ má bínú sí i." Ọjọ́bọ̀ ló ní ká máa fi ránṣẹ́, tórí pé Sátidé làwọn èèyàn máa ń se ọbẹ̀ tó gbayì.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Gírámà ni mo tò síbẹ̀. Zubair kà á, ó wò mí lójú.

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ ni?"

Mo ní kó fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣàṣà lẹni tó ṣí i. Ìgbà náà ló wá sọ fún mi pé bí mo ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí n kọ ọ́. Ó dáa. Mo gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi: "Ẹ kú ìdìde o. Mo mọ̀ pé ojú ọ̀nà lẹ wà. Ẹ gbọ́ tèmi kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó tú." Mo sọ fún wọn bí ìrẹsì náà ṣe dé láti Ọ̀fàdà, bó ṣe ń ta sánsán láti inú àpò. Mo wá parí rẹ̀ báyìí: "Ẹ wá rà. Èènì yín ń bẹ."

Ẹ wò ó, ẹnu ló ti mọ́ mi. Gààrí ni ìyá mi tà títí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Kò sẹ́ni tí wọ́n máa pè wá rajà tí wọn ò ní sọ fún un pé èènì ń bẹ, wọ́n á sì fọwọ́ bu díẹ̀ lé kóńgò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tèmi, mo ti wọ̀n ọ́n, mo ti fi iná lẹ ẹnu rẹ̀. Ibo lèènì fẹ́ gbà wọlé? Zubair ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó rántí.

"Yéè! Dá a dúró!"

"Ó ti lọ, Àǹtí."

"Mo ṣèlérí èènì!"

"Ta ló máa rántí ìyẹn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, fóònù mi ò sinmi lọ́jọ́ náà. Arepo ń pè, Ibafo ń pè, ẹnì kan pè láti Oke-Aro lọ́hùn-ún. Láwàl ọlọ́kadà tó ń bá mi gbé ọjà lọ bá oníbàárà lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́, kò tíì bọ́ bàtà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣa ìrẹsì.

Ọjọ́ kejì ni Zubair pè mí sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò rí bó ṣe máa ń rí.

"Ẹ wo àbọ̀ tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́. Ó ń sọ iye àwọn tá a kọ̀wé sí, ó ń sọ iye àwọn tó ṣí i."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Àwọn tó ṣí i fi ẹnì kan lé iye tá a kọ̀wé sí."

"Báwo ló ṣe máa fi ẹnì kan lé?"

"N kò mọ̀. Ẹni náà ò ní orúkọ, kò ní àdírẹ́sì." Ó tọ́ka sí ibì kan lójú kọ̀ǹpútà. "Ó sì ti ṣí i kí n tó tẹ̀ ẹ́."

A wo ara wa. Mo bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ máa ń ṣìṣe.

Kò pẹ́ làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì sí lẹ́tà mi. Ẹ ṣé fún èènì. Ẹ kú èènì o. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín ni, inú bí mi díẹ̀. Àfìgbà tí obìnrin kan ní Arepo tó ń jẹ́ Fúnmi fi fọ́tò ránṣẹ́. Ewé eéran ni, wọ́n fi di ìwọ̀nba ìrẹsì, wọ́n fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ so ó. Ó ní àárín ìrẹsì lòun ti bá a nígbà tóun já ẹnu náílọ́nù. Ó ní nígbà tóun sè é, aládùúgbò òun kan ilẹ̀kùn, ó béèrè ohun tó ń ta sánsán bẹ́ẹ̀.

Mo pe Láwàl. Ẹ̀rù ba ọmọkùnrin náà.

"Wọ́láhì, Àǹtí, n kò fọwọ́ kan ẹnu àpò kankan!"

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Èmi fúnra mi ni mo fi iná lẹ̀ wọ́n. Mo fa àpò kan yọ nínú èyí tó kù nílẹ̀. Mo yẹ ẹnu rẹ̀ wò yípo. Ó dí pinpin. Mo fi sáàsì gé e, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìrẹsì gbẹ kangíkangí. Mo tún ki ọwọ́ sí i. Ọwọ́ mi kan nǹkan tútù.

Mo rọra fà á jáde. Ewé ni. Ìrì ṣì wà lára rẹ̀.

Zubair sún sẹ́yìn. "Bísímílláhì," ló wí.

Mo gbé ewé náà lọ sí Ọ̀fàdà, lọ́dọ̀ Alájì Sùlèímọ́nù tó máa ń bá mi lọ ìrẹsì lẹ́rọ. Àgbàlagbà ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n dàgbà sí. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo gbé ewé náà lé wọn lọ́wọ́. Wọn ò wo ìrẹsì. Kókó okùn tí wọ́n ta sí i ni wọ́n ń wò. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn.

"Ta ló so èyí?"

"Ẹ̀yin ni mo wá bi, Bàbá."

"Àtìgbà tí wọn ò tíì la ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì yẹn ni mo ti rí irú kókó yìí gbẹ̀yìn."

"Ta ló ń ta á nígbà náà?"

Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ojú ọ̀nà. Wọ́n dìde. "Jẹ́ kí n tan ẹ̀rọ, ọmọ mi." Wọ́n tan ẹ̀rọ ìlọrẹsì, ariwo gba gbogbo ibẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan míì lẹ́nu wọn. Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n ti ki ewé náà sápò agbádá wọn.

Mo bá ara mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní ó tán o. Lẹ́tà tó kàn, n kò ní fẹnu kan èènì. N kò fẹ́ wàhálà. Lọ́jọ́bọ̀, mo kọ lẹ́tà tó dùn, mo parí rẹ̀ sí "Ẹ wá rà." Zubair kà á sókè fún mi látòkè délẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù mi náà dún, torí mo fi àdírẹ́sì tèmi kún ti àwọn oníbàárà. Mo ṣí i. Mo kà á dé ìsàlẹ̀.

Èènì yín ń bẹ.

Mo na fóònù sí Zubair. Ó wo fóònù, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò sí nínú tirẹ̀.

"Àǹtí," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Ọjà tún ya lu wa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń di ìrẹsì àwọn tó fẹ́ gbà á ní Sátidé. Èmi nìkan ni. Zubair ti lọ kírun. Wọ́n mú iná lọ. Mo ń retí kí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ariwo wọn. Kò sí èyí tó dún. Mo tẹ́tí sí ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì. Ẹ mọ̀ pé ojú ọ̀nà yẹn kì í dákẹ́. Ó dákẹ́.

Mo wá gbọ́ ọ.

Ẹ̀yìn pákó tí mo fi pín ṣọ́ọ̀bù sí méjì ló ti ń bọ̀, níbi tí àwọn àpò wà. Ìró ìrẹsì tí wọ́n ń dà sínú kóńgò. Ṣáá. Ó dúró díẹ̀. Wọ́n fọwọ́ gbá kóńgò kó lè jókòó dáadáa, kó, kó. Wọ́n tún dà á. Ṣáá. Òórùn ewé tútù gba gbogbo ibẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn lẹ́yìn pákó yẹn. Kò sí fèrèsé.

Ọkàn mi ní kí n sá, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ò gbéra. Mo fẹ́ pe Jésù, ẹnu mi ti gbẹ. Mo wà bẹ́ẹ̀, mò ń gbọ́ ọ. Ṣáá. Kó, kó. Ẹni náà ò kánjú. Iṣẹ́ ló ń ṣe, kò bá mi jà, kò sì bá mi ṣeré.

Ìgbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú! Ìyá mi ò kọ́ mi báyìí. Ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ létí mi, mo dákẹ́ bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà," ni mo wí.

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lọ gbáà. Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan: kó. Ó jọ ìdáhùn ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí.

Bí ẹ̀rù ṣe lọ nìyẹn o. Ẹ má bi mí bó ṣe lọ. Ẹ̀rín ló gbà mí. Mo bu ìrẹsì sórí òṣùwọ̀n, mo ń bá iṣẹ́ tèmi lọ níwájú, òun náà ń bá tirẹ̀ lọ lẹ́yìn pákó, àwa méjèèjì ò sọ̀rọ̀, títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bí ọkọ mi ṣe ṣí ilẹ̀kùn ni iná dé, gbogbo jẹnẹrétọ̀ àti mọ́tò òde tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ládi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ àti ta lẹ jọ wà níbí?"

"Èmi nìkan ni."

"Mo gbọ́ ẹni tó ń fi kóńgò wọn nǹkan láti òde."

"Òṣùwọ̀n ni mo fi ń wọn tèmi."

Ó wo òṣùwọ̀n. Ó wo pákó. Kóńgò kankan ò sí ní ṣọ́ọ̀bù wa, kò sì tíì sí níbẹ̀ rí. Ẹni tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́ gbé búrọ́ọ̀ṣì ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ tí mo ti gbá.

Oṣù ń parí lọ. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo, a ti gbé ìrẹsì míì wá láti Ọ̀fàdà, ìyẹn náà ti ń tán. Lójoojúmọ́, èmi ni mò ń mú Láyọ̀ bọ̀ láti ilé ìwé, èmi ni mò ń bá a ya irun, a sì jọ ń jà lórí ẹran inú abọ́. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Zubair, mo kọ̀wé sí Màdáámú Olúfúnṣọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní n kò padà wá mọ́, ibí ni màá wà. Mo tẹ̀ ẹ́, ara mi fúyẹ́ gẹ́gẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Zubair ké pè mí, inú rẹ̀ ń dùn.

"Àǹtí, ó ti tò! Àwọn tó ṣí i ò fi ẹnì kan kan lé mọ́. Mo sọ fún yín pé ẹ̀rọ ni!"

Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ inú mi ò dùn. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà lórí fóònù mi. Ibi tí mo ti parí rẹ̀ náà ló parí sí. Mo gé ẹnu àpò kan, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ìrẹsì nìkan ni mo bá. Kó tó di Sátidé, wọ́n ti ń pè mí: "Ìyá Láyọ̀, èènì wa dà?"

Kí ni kí n sọ fún wọn? Mo ra ewé eéran lọ́jà. Mo gé okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé Ìyá Ummulkhair. Mo ra kóńgò. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wọ inú ṣọ́ọ̀bù, Láyọ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi igi ewé kọ́ ilé. Mo tẹ́ ewé, mo bu ìrẹsì sí i, mo ká a, mo fi okùn wé e. Mo wo ohun tí mo so.

Kókó yẹn ni.

Mo tú u. N kò tíì so irú rẹ̀ rí láyé mi. Okùn bàtà Láyọ̀ gan-an, bàbá rẹ̀ ló máa ń bá a so ó. Mo mú ewé míì, mo mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ so ó bí mo ṣe máa ń so ẹnu àpò. Ìka mi yí gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Kókó yẹn náà ló tún jáde, ó dúró dáadáa, ó mọ́ tónítóní.

Òde dákẹ́. Kò sí mọ́tò kankan tó dún.

Ohùn ẹnì kan ti ẹ̀yìn pákó wá, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kọjá lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Láyọ̀ gbójú sókè. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó gbé igi ewé sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ẹnì kan. N kò yíjú padà.

"Oo, Mà," ni mo wí. Mo mú ewé míì.